Aṣọ Pupa Ojú Fèrèsé

Bílálì, fi aṣọ yẹn sílẹ̀ ná. Sọ̀kalẹ̀ lórí àga kí o má baà ṣubú sójú títì fún mi. Mo gbọ́ ohun tí hárísì wí. Òun ló ń ṣọ́ ilé, èmi ni mò ń ṣọ́ ẹni tó ń bọ̀ wá sílé. Ó ní ayálégbé kankan kò gbọdọ̀ sá aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì ní kí ẹ yọ ọ́ kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Ó dára. Ilẹ̀ kò tí ì ṣú. Bàbá yín àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kírun Alásárì ni, ẹ sì mọ̀ pé tó bá kírun tán, yóò lọ jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta búrẹ́dì, yóò máa wo àwọn bọ́ọ̀sì tó ń kọjá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí aṣọ náà fi wà níbẹ̀. Bí mo bá sọ tán tí ẹ ṣì fẹ́ yọ ọ́, ẹ yọ ọ́, n kò ní bá yín jà.

Ràmátù ti ń wò mí. Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu ẹ. "Lẹ́ẹ̀ṣì, Màmá? Lẹ́ẹ̀ṣì?" Bí mo bá ní kó jẹun, lẹ́ẹ̀ṣì. Bí mo bá ní kó sùn, lẹ́ẹ̀ṣì. Èdè Lárúbáwá dùn lẹ́nu yín, mi ò sọ pé kò dùn, ṣùgbọ́n lónìí ẹ fi Yorùbá bi mí pé kí ló dé, kí n lè fi Yorùbá dá yín lóhùn.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí bàbá yín mú gbogbo wa wọ rélùwéè lọ ṣe úmúrà? Ọkọ̀ náà funfun bí ẹyin. A kò tí ì jókòó dáadáa ni Jẹ́dà ti wà lẹ́yìn wa. Ẹnikẹ́ni kò ra nǹkan lójú fèrèsé, fèrèsé náà kò tilẹ̀ ṣeé ṣí. Mo bi yín pé, "Nígbà wo ni yóò fọn fèrè?" Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi ń dì mọ́ra yín. Bílálì ní, "Màmá, ta ló fẹ́ fọn fèrè fún?" Bàbá yín àgbà ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ lé ilẹ̀ ọkọ̀ náà, ó ń wá bóyá ilẹ̀ ń gbọ̀n. Ilẹ̀ kò gbọ̀n. Ó wò mí, ó mi orí, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin rò pé nítorí Mẹ́kà tí a rí lókèèrè ni inú wa ṣe dùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Rélùwéè tí àwa mọ̀ kì í gbé èèyàn. Irin ló ń gbé. Ní Làìbéríà ni, ìlú tí òjò ti ń rọ̀ títí aṣọ fi ń bu nínú àpótí. Òkè ńlá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo inú rẹ̀ jẹ́ irin. Wọ́n á fọ́ òkè náà, wọ́n á da òkúta rẹ̀ sínú ọkọ̀, ọkọ̀ á sì gbé e gba inú igbó lọ sétí òkun, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń dúró. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni irin náà ní. Nítorí náà, ọkọ̀ tó kún tó ń sọ̀kalẹ̀ àti ọkọ̀ òfìfo tó ń gòkè gbọ́dọ̀ pàdé ní àárín ọ̀nà, níbi tí irin ti pín sí méjì. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé á dúró de èkejì. Ibẹ̀ ni àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀ ń gbé, a sì sọ ibẹ̀ ní Ìpàdé. Àwọn ọkùnrin ń tún ojú irin ṣe. Àwọn obìnrin ń ta oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tó bá dúró.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló mú mi lọ síbẹ̀. Ìwé díẹ̀ ni mo kà kí n tó kúrò nílé, ìtìjú tí mo ní sì pọ̀ ju ìwé náà lọ. Bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ẹ ó ti bá mi. Àǹtí mi ń dín àkàrà, ó ní kí n máa polówó rẹ̀. Ẹnu mi kò ṣí. Màá gbé igbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin bí òpó. Àǹtí á bú mi láti ìdí ààrò pé, "Ṣé wọ́n rán ẹnu rẹ ni, àbí àkàrà náà ni yóò máa polówó ara rẹ̀?" Gbogbo àwọn obìnrin á bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí àkàrà kò bá tà, wọn ò ní lé mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ́ńjìnnì wọn ṣe rí. Dísẹ̀lì ni wọ́n ń mu. Ara wọn pọ́n bí ọ̀pẹ̀yìnbó tó ti pọ́n jù, eruku irin sì ti fi pupa kun ìdí wọn. Kí ẹ tó gbọ́ ohùn wọn rárá, omi inú abọ́ á kọ́kọ́ máa gbọ̀n. Àtẹ́lẹsẹ̀ yín ló máa mọ̀ kí etí yín tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó gbọ́ fèrè láti ibi tí ọ̀nà ti yà. Fèrè yẹn ni aago wa. Bí ó bá dún ní ibi tí ọ̀nà ti yà, a da epo sínú agbada. Bí ó bá dún lórí afárá, a ju àkàrà sí i. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa dúró, àkàrà ti pọ́n. Àwa obìnrin la sọ ẹ́ńjìnnì wọ̀nyẹn lórúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Abuké nítorí ilé awakọ̀ rẹ̀ ga lẹ́yìn. Ọ̀kan ń jẹ́ Òjò nítorí kì í yé jò. Èyí tó dàgbà jù ń jẹ́ Arúgbó. Bí Arúgbó bá ń gun òkè, á máa wúkọ́ èéfín dúdú, ẹ ó sì rò pé kò ní dé, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kò dé.

Dírẹ́bà kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń fọn fèrè tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa, a mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ikọ́ bàbá rẹ̀. Ìyàwó dírẹ́bà á ti gbé omi ìwẹ̀ kaná kí ọkọ rẹ̀ tó yọ. Ní Ramadánì kan tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, a gbọ́ fèrè Arúgbó, èyí tó máa ń dé nígbà tí oòrùn bá wọ̀. La bá ṣínu. Bí a ṣe jẹun tán ni oòrùn yọ lẹ́yìn ìkùukùu, ó ń wò wá. Ọkọ̀ ló tètè dé lọ́jọ́ náà. Lémọ́ọ̀mù ní kí gbogbo wa san ààwẹ̀ náà padà. Àwọn àgbà ní dírẹ́bà ni kó bá wa san án.

Dírẹ́bà Arúgbó yẹn ni ẹni tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí.

Ọmọ Yorùbá bí tiwa ni. Ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ búréèkì jẹ́ ọmọ Làìbéríà, Tọ́gbà lorúkọ rẹ̀, ẹlẹ́fẹ̀ ni. Yorùbá tó gbọ́ kò ju ti ọjà lọ nígbà yẹn. Ó mọ "fi èènì sí i," ó mọ "ó ti tutù." Kò pẹ́ tó fi ń pe èmi ní Àkàrà Tí Kì Í Pariwo. Á sọ̀kalẹ̀, á na ọwọ́ sókè pé, "Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́, Àkàrà Tí Kì Í Pariwo fẹ́ sọ̀rọ̀!" Màá wo ilẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan, fèrè Arúgbó yàtọ̀. Kúkúrú méjì, gígùn kan. A kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àwọn obìnrin wo ara wọn. Àṣà kan wà ní Ìpàdé: bí dírẹ́bà bá rí ọmọbìnrin tó wù ú, á dá fèrè tuntun fún un. Bí ọmọbìnrin náà bá fẹ́ ẹ, á tú gèlè rẹ̀, á jù ú sókè kí dírẹ́bà rí i. Gbogbo ayé á rí i pẹ̀lú. Bí kò bá fẹ́ ẹ, á jókòó jẹ́ẹ́. Tọ́gbà sọ̀kalẹ̀, ó wá tààrà sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Ìwọ ni." Igbá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Gbogbo ọyẹ́ ọdún náà ló fi ń fọn ún. Kúkúrú méjì, gígùn kan. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fẹ́ ẹ. Ìgbàkígbà tí omi inú abọ́ bá gbọ̀n, àyà mi á gbọ̀n pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí n dìde láàárín gbogbo èèyàn, kí n máa ju gèlè? Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn èéfín ààrò ni màá sá sí. Àǹtí ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọkùnrin kì í fọn fèrè títí láé."

Mo gbàgbé nǹkan kan. Lẹ́bàá irin, aṣọ pupa jẹ́ èèwọ̀ fún wa. Àsíá pupa ni àwọn olùṣọ́nà fi ń sọ fún ọkọ̀ pé ewu wà níwájú, kó dúró. Ọkọ̀ tó ru òkúta irin kì í sì dúró bí mọ́tò, á máa lọ lọ lọ kó tó dúró. Obìnrin kan sá ìró pupa sórí igbó nígbà kan, ọkọ̀ dúró, ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Láti ìgbà náà, ìsàlẹ̀ àpótí ni aṣọ pupa wà. Ọjọ́ ọdún nìkan ni a ń mú un jáde, nítorí ọkọ̀ kì í rìn lọ́jọ́ ọdún.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní pápákọ̀ òfurufú tí bàbá yín ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo dé, mo rí i láàárín àwọn àlàájì, ó gbé àsíá kékeré sókè, gbogbo ọ̀wọ́ èrò tẹ̀ lé e lọ sídìí bọ́ọ̀sì. Mo ní, há, ọmọ yìí náà ń ṣiṣẹ́ rélùwéè.

Ẹ jẹ́ kí n padà. Ìròyìn dé pé wọ́n fẹ́ ti ibi ìwakùsà irin náà pa. Òkè kò parí, ọjà irin ló bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Nígbà tí Arúgbó dúró ní Ìpàdé gbẹ̀yìn, Tọ́gbà wá bá mi, kò ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Dírẹ́bà ní kí n sọ fún ọ. Ó ku ẹrù kan ṣoṣo tí a máa gbé sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ òfìfo kankan kò ní gòkè mọ́, nítorí náà a kò ní dúró níbí. Yóò fọn fèrè bó ṣe ń kọjá. Bí o bá dáhùn, yóò padà wá láti etí òkun. Bí o kò bá dáhùn, yóò bá ọkọ̀ ojú omi lọ sílé, kò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́."

Mo gbé igbá mi, mo sá sẹ́yìn èéfín ààrò. Tọ́gbà sì lọ.

Ọjọ́ Iléyá pé. Gbogbo wa mọ̀ pé ọkọ̀ kò ní wá. Mo fi gèlè pupa àǹtí mi wé orí, ó pupa fòò bí ojú iná. A ti yídì dé, wọ́n ti pa àgbò, àwọn ọkùnrin ń bó o, àwọn obìnrin ti da epo sí agbada. Mo bẹ̀rẹ̀ láti bu omi. Omi náà ń gbọ̀n.

Mo dúró. Mo wo àwọn tó kù. Kò tí ì sí ẹni tó mọ̀. Nígbà náà ni fèrè dún níbi tí ọ̀nà ti yà. Ọkọ̀ ojú omi ń dúró létí òkun, wọn kò lè dúró de ọdún ẹnikẹ́ni. Gbogbo èèyàn sáré lọ sẹ́bàá irin nínú aṣọ ọdún wọn láti wo Arúgbó lójú gbẹ̀yìn. Èmi náà sáré, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ni mo dúró sí.

Arúgbó yọ, ó ń wúkọ́. Ó fọn fèrè fún gbogbo Ìpàdé, àwọn ọmọdé ń pariwo. Lẹ́yìn náà ó fọn tèmi. Kúkúrú méjì, gígùn kan. Ọwọ́ mi wúwo. Mo rí orí rẹ̀ lójú fèrèsé, ó ń wá mi kiri láàárín èrò. Ó tún un fọn. Mo rò ó pé tó bá kọjá wa, ó parí. Mi ò mọ bí mo ṣe la àárín àwọn èèyàn kọjá. Mo já gèlè lórí, mo fi ọwọ́ méjèèjì mú un, mo ń jù ú sókè, mo ń jù ú sílẹ̀, bí ẹni ń lé kòkòrò oyin.

Ẹ̀yin ọmọ mi, aṣọ pupa ni.

Ẹ kò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí. Búréèkì ké, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń forí gbá ẹ̀yìn èkejì, gbàgà, gbàgà, gbàgà, títí dé inú igbó lọ́hùn-ún. Iná ń ta lábẹ́ táyà irin. Arúgbó kọjá lára mi, kò lè tètè dúró, ó kọjá mọ́ṣáláṣí, ó kọjá itẹ́, mo sì ń sáré tẹ̀ lé e láìwé gèlè. Níkẹyìn ó dúró.

Ọ̀gá òyìnbó kan wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó bẹ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Tọ́gbà ń túmọ̀.

"Ó ní kí lo rí? Ewu wo ló wà lójú irin?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Ẹnu mi sì ṣí. Mo kígbe tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́ mi nídìí ààrò. Mo ní, "Ó ń lọ!"

"Ta ló ń lọ?"

"Òun!" Mo nawọ́ sí ojú fèrèsé Arúgbó. "Ẹ má jẹ́ kó lọ!"

Tọ́gbà jókòó sórí irin, ó fi ọwọ́ bo ojú, ẹ̀rín ń pa á kú. Ọ̀gá ní kó túmọ̀. Nígbà tó túmọ̀ tán, ọ̀gá wo èmi, ó wo gèlè, ó wo dírẹ́bà tí eruku irin bo ojú rẹ̀ tí eyín rẹ̀ funfun báláú láàárín eruku. Ó sọ̀rọ̀ kan. Tọ́gbà ní, "Ó ní òótọ́ lo sọ. Ewu gidi ni."

Bí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dúró lójijì, kì í lè gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Atẹ́gùn ló ń ṣiṣẹ́ búréèkì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ fa atẹ́gùn padà sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láti iwájú títí dé ẹ̀yìn kí búréèkì tó tú. Arúgbó dúró, ó ń mí, ó ń mí. Àkókò yẹn ni wọ́n fi tọrọ mi. Àwọn àgbà tó ti yídì dé ní, "Ẹni tó ń tọrọ ìyàwó kì í dúró lókè ẹ̀rọ. Sọ̀kalẹ̀." Bàbá yín àgbà sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí òkúta wẹ́wẹ́ ojú irin pẹ̀lú aṣọ epo. Àǹtí mi dì mí mú léjìká, ó ní, "Ìwọ lo pariwo báyẹn? Ìwọ yìí? Tí o bá ń fi ohùn yẹn polówó àkàrà, ṣé kòkòrò ì bá jẹ ẹ̀wà mi?" Wọ́n di ẹran àgbò fún Tọ́gbà, wọ́n di tọ̀gá pẹ̀lú. Nígbà tí Arúgbó mí tán, ó fọn fèrè, kúkúrú méjì, gígùn kan, ó lọ. Mi ò sunkún. Mo ti dáhùn.

Ó gbé ẹrù náà dé etí òkun, ó sì padà. Ọkọ̀ kò sí mọ́, nítorí náà ẹsẹ̀ ló fi rìn, ó ń ti orí pákó ojú irin kan bọ́ sórí èkejì. Omi inú abọ́ kò gbọ̀n lọ́jọ́ tó dé.

Bílálì, ìwọ lo fi fóònù hàn mí bí ẹ́ńjìnnì irú wọn ṣe wà báyìí, tí igi hù láàárín wọn, tí ẹyẹ kọ́lé sínú ilé awakọ̀. Ó dùn mí díẹ̀, kò dùn mí jù. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ wọn. Rélùwéè Mẹ́kà náà dára, a gbọ́ àdúrà ara wa nínú rẹ̀. Arúgbó ló gba etí bàbá yín àgbà, ojú sì ti ń tẹ̀ lé e lọ. Ìyá yín mú wa wá síbí, ó ṣètò ìkámà wa, ìwé ìgbélùú, ó tọ́jú wa, Ọlọ́run á tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé àdúgbò Ṣarafíyà yìí jọ ara wọn. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí bàbá yín àgbà wọ ilé kejì, tó gun àkàsọ̀ lọ, tó jókòó sí pálọ̀ àwọn ará Pakísítánì? Wọ́n fún un ní tíì, ó ń mu ún, ó rò pé àlejò wa ni wọ́n! A wá a títí ojú wa fi ranko. Ní ọjọ́ kejì ni mo ṣí àpótí, mo mú gèlè yẹn jáde, mo so ó mọ́ fèrèsé. Àǹtí ti fi fún mi láti ọjọ́ Iléyá yẹn, ó ní òun kò lè wé e mọ́ láìrẹ́rìn-ín. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ó yá, ẹ wá síbí. Ẹ wo ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ilé tí wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́. Òun nìyẹn, ó mú búrẹ́dì dání. Má pè é, Ràmátù, kò lè gbọ́. Ẹ sáà máa wò ó. Ó ti kọjá ilé àkọ́kọ́. Ó ń gbójú sókè.

Ó ti rí i. Ó dúró.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ rí i bó ṣe ń fa okùn tí kò sí níbẹ̀? Kúkúrú méjì, gígùn kan.

Bílálì, kí lo tún ń gun àga ṣe? Háà. Ó dára, ọmọ mi. Dì í le, afẹ́fẹ́ òkun ti tú etí rẹ̀ kan. Bí o bá sọ̀kalẹ̀ lọ pàdé rẹ̀, kí o kí hárísì fún mi. Sọ fún un pé a kò sá aṣọ. Ọkọ̀ ni a ń dá dúró.